Kí Àlejò Tó Sanwó Ilé Ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe ajẹ́ńtì ilé nílùú Ìbàdàn, ẹ gbọ́ ohun tí àlejò máa ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Ṣé táìlì ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀? Ṣé ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá? Ṣé mọ́tò mi á ráyè wọlé? Èló ni lọ́dún? Ohun tó lè fojú rí ló ń bèèrè. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò tàbí Èkó dé kò mọ bí Òjóò ṣe jìnnà sí Challenge, kò mọ ẹ̀yìnkùlé tí odò Ọ̀nà gbà kọjá, kò sì mọ òpópónà tí kì í gba mọ́tò lóṣù keje. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló ń sanwó fún, bí òun alára tilẹ̀ rò pé kọ́kọ́rọ́ lòun ń gbà lọ́wọ́ yín. Ajẹ́ńtì tó bá dáhùn kìkì ohun tí àlejò bèèrè, tó gbowó, tó bá tirẹ̀ lọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe, odidi owó ló sì gbà.

Kí ẹ tó mẹ́nu ba ilé kankan, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́, sà? Ta ló ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, ta ló ń lọ mú wọn bọ̀? Ìyàwó ńkọ́, níbo ni ìsọ̀ wọn máa wà? Bí ọkọ bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn UCH, tí ìyàwó ń kọ́ni ní Challenge, ẹ má tìtorí pé Olódó ni ilé tó wà lọ́wọ́ yín ẹ wá kó wọn lọ sí Olódó. Iye ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ lójúmọ́ ni kí ẹ kà, ẹ fi ti máìlì sílẹ̀. Ibi tó jìnnà díẹ̀ àmọ́ tí táksí Micra kan ṣoṣo ń gbéni dé sàn ju ibi ìtòsí tí èèyàn ti máa gun ọ̀kadà jáde sí títì, kó wọ kẹ̀kẹ́, kó tún wá dúró de Micra. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn tó sá lọ gba ilé pọ́ọ́kú lẹ́yìn ìlú ti rí i pé owó ọkọ̀ ti jẹ èrè tí wọ́n rò pé àwọn jẹ lórí owó ilé. Ẹ bá wọn ṣírò rẹ̀ lórí ìwé níṣojú wọn: owó ilé ọdún kan, owó ọkọ̀ ọdún kan, kí wọ́n ro méjèèjì pọ̀. Ilé tó wọ́n ló máa ń dínwó jù nígbà mìíràn.

Àwọn kan tún wà báyìí tí iṣẹ́ wọn ṣì wà l'Ékòó, tí owó ilé Èkó ló lé wọn wá bá wa. Wọ́n á ní ọkọ̀ ojú irin làwọn á máa wọ̀. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti oṣù kẹfà ọdún 2021, àmọ́ Mọ́níyà ni olórí ibùdókọ̀ rẹ̀ níbí wà, lókè lọ́hùn-ún, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ẹni tó bá ń gbé Òjóò tàbí Mọ́níyà fúnra rẹ̀ lè rí i lò. Ẹni tó gbalé sí ìkángun kejì ìlú lè ní láti la ìlú já kó tó dé ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ ojú irin kò sì ń dúró de ẹni tí gosíló mú ní Sángo. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ló fẹ́ máa wọ̀ lọ s'Ékòó, ẹ wá ilé fún un lápá Challenge.

Ọ̀rọ̀ òjò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wálé. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, odò tó ń ya wọlé lóṣù kẹsàn-án ti fà dà bíi gọ́tà lásán, gbogbo àdúgbò ló sì dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé omi ti fojú wa rí nǹkan. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó wọ́ ilé, ó wọ́ ọjà, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀: àwọn afárá wó, àwọn tó kú lé ní 100. Ẹ kíyè sí i pé oṣù kẹjọ ni méjèèjì, oṣù tí àwọn àgbà ń sọ pé òjò máa ń sinmi. Lẹ́yìn ti 2011, Báńkì Àgbáyé yá ìpínlẹ̀ wa lówó láti fẹ ojú odò, kí wọ́n sì tún afárá ṣe. Iṣẹ́ náà ran àwọn ibì kan lọ́wọ́, n kò ní purọ́, àmọ́ àwọn èèyàn tún ń kọ́lé sétí odò mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹ̀ lójú.

Nítorí náà, ẹ kọ́ ojú yín láti rí omi nígbà tí kò sí omi. Ẹ wo ara fẹ́ńsì. Àgbàrá máa ń fi ilà sílẹ̀ lára ògiri, onílé tó gbọ́n á sì fi ọ̀dà bò ó. Bí ọ̀dà ìsàlẹ̀ bá tuntun ju ti òkè lọ, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ilé mẹ́ta mẹ́rin lójú pópó kan náà tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé ńṣe ni èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ sókè kó tó wọlé, wọn kò ṣe é fún ẹwà. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lé. Ẹ tẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn onípákó wò, bóyá ó ti wú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ bá ìyá alákàrà. Onílé á búra fún yín pé omi ò wọbẹ̀ rí láti ìgbà tóun ti kọ́ ọ. Ìyá tó ti ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà yẹn fún ogún ọdún á nawọ́ sí ibi tó ń gbé àga rẹ̀ sá sí bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Ẹ ra àkàrà kí ẹ tó bèèrè o.

Bí àyè bá wà, ẹ mú oníbàárà padà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, tàbí lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Bàbá, ọjà á bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.” Ó lè bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí àdúgbò nínú ẹrẹ̀ tó sì gbà bẹ́ẹ̀ kì í kó jáde lọ́dún kejì, kì í sì í mú ọlọ́pàá wá sí ọ́fíìsì yín.

Iná ti di ọ̀rọ̀ báńdì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà ní Báńdì A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́ fún, ló ń san owó tó ga jù. B jẹ́ wákàtí 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Àlejò á bi yín pé báńdì wo ni àdúgbò wà. Ẹ má fi ẹnu kan dá a lóhùn, torí wáyà tó ń gbé iná wá ni wọ́n pín sí báńdì, òpópónà kan lè wà ní A kí èyí tó dojú kọ ọ́ wà ní C. Wẹ́dà, onígbàjámọ̀ àti ìyá tó ń ta ẹja dídì ló mọ wákàtí tí iná ń dé, ju ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ iléeṣẹ́ iná lọ. Ẹ tún wò bóyá yàrá náà ní mítà tirẹ̀ tàbí gbogbo ilé ló ń pín bíìlì kan ṣoṣo. Ìjà tó wà láàárín ayálégbé mẹ́fà lórí ẹni tó ní fíríìjì, ẹ̀yin náà ti parí irú rẹ̀ rí.

Ti omi, kànga ni ọ̀pọ̀ ilé wa gbójú lé. Oṣù kejì sí ìkẹta ni kí ẹ ṣí i wò, nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ jù. Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí ṣọ́káwèè: ó yẹ kí ó tó mítà 30. Nínú pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100, ẹ̀yin náà ẹ wọ̀n ọ́n wò, ó ṣòro kó tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má sì gbàgbé ṣọ́káwèè aládùúgbò tó wà lódìkejì fẹ́ńsì.

Ibi tí inú mi kò ti dùn sí yín ni ọ̀rọ̀ orúkọ àdúgbò. Ẹ ti kọ́ àlejò láti máa sá fún Bẹẹrẹ, Òjé àti Ọjà-Ọba, kí wọ́n sì máa wárí fún ibi tó bá ti ń jẹ́ ẹ̀súteètì. Lóòótọ́, mọ́tò kì í dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé nínú ìlú àtijọ́, páànù ti dípẹtà, ilé fara ti ilé. Ẹni tó ní mọ́tò méjì kò ní nǹkan kan í wá débẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta aṣọ òkè lọ́jà Òjé, tó jẹ́ òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, kí ló fẹ́ lọ ṣe lẹ́yìn Akóbọ̀? Nínú agboolé, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti iléèwé dé bá àgbàlagbà nílé. Oúnjẹ wà láti ìdájí dòru. Bí àìsàn bá kì í mọ́lẹ̀ lóru, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ẹni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣàlàyé fún un ni àṣà ibẹ̀: obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kan eégún Olóòlù, nítorí náà kó tètè mọ ọjọ́ tó ń jáde àti ọ̀nà tó ń gbà. Ẹ sọ ti ọdún Òkèbadàn pẹ̀lú, kó má bàa rò pé òun ni wọ́n ń bú nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kọrin ìsọkúsọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín ni kí ẹ fi sọ ọ́.

Ẹ wá wo ẹ̀súteètì Bódìjà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ayé ìjọ́sí ló là á sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, ọ̀nà rẹ̀ tò, igi bo ibẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ náà ni ohun abúgbàù ti dún lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nínú ilé tí ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó o pamọ́ sí. Èèyàn kú, ilé sì wó káàkiri ibẹ̀. N kò fi èyí ba Bódìjà lórúkọ jẹ́. Bí mo bá lówó rẹ̀, ibẹ̀ lèmi náà á gbé. Ṣùgbọ́n níbi tí fẹ́ńsì bá ti ga, tí aládùúgbò ò mọ orúkọ ara wọn, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ bá àlejò bèèrè ẹni tó wà nílé kejì, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ohun tí ọkọ̀ ńlá ń já síbẹ̀ lóru.

Ẹ má sì bá oníbàárà yan ẹ̀yà. Láti ọdún 1916 ni Sábó ti wà gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn Hausa nílùú yìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ti Kánò dé ló ń wá Sábó. Òmíràn fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ Yorùbá kó tó pé ọdún méjì níbí. Òmíràn sì wà tí kò lè sùn bí kò bá gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

Ẹ lọ wo àdúgbò náà láago mẹ́jọ alẹ́, ẹ tún lọ láàárọ̀ Sunday. Ilé ọtí tó pa lọ́lọ́ lọ́sàn-án, alẹ́ ni ẹ máa mọ bí ẹ̀rọ orin rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń ti géètì àdúgbò: nọ́ọ̀sì tó ń parí iṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ kò gbọdọ̀ gbé ibi tí ọdẹ ti ń ti géètì ní mẹ́wàá. Ẹ bèèrè owó ẹ̀ṣọ́ àti gbogbo owó tí ẹgbẹ́ onílé ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé, kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó kó ẹrù wọlé.

Ti owó yín, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún la mọ̀ sí ti ajẹ́ńtì, n kò bá yín jà lórí ìyẹn. Owó fọ́ọ̀mù tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá lórí yàrá kan ṣoṣo ni mo kórìíra. Bó bá sì jẹ́ ilé ẹbí, ó kéré tán, kí méjì nínú àwọn ọmọ olóògbé tó nilé, láti ojúlé ìyàwó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fọwọ́ sí rìsíìtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ayálégbé yín á sanwó ilé lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tó bá kó wọlé, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ mú un lọ kí alága àdúgbò, ẹ fi ọ̀nà àbùjá tó já sí títì hàn án, ẹ fi ibi tó ti lè ra oògùn lóru hàn án, ẹ sì kọ nọ́ńbà ọdẹ sínú fóònù rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ní ẹlòmíràn níbi iṣẹ́ tó ń wá ilé.