Àìsàn tí Àgbẹ̀ Kì í Fẹ́ Dárúkọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ kọ́ni ní abúlé ẹ̀yìn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, láàárín àwọn tí ń gbin ẹ̀gẹ́, tí ń sin adìẹ, tí ń pẹja ní ọ̀sà. Ó tọ́ kí a mọ ohun tí ń bá wọn jà.

Bí àrùn bá pa adìẹ, irú èyí tí ó wọ Nàìjíríà ní 2006, gbèsè oúnjẹ wọn kì í bá wọn kú. Àgbẹ̀ kò ní lè sùn mọ́. Àyà rẹ̀ a máa já. A ní nǹkan ń rìn nínú orí òun. Ọdẹ orí ni àwọn baba wa ń pè é. Kò jẹ́ wí pé ìbànújẹ́ ni, kí a má baà pe òun ní wèrè. (Àwa náà ti fi orúkọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ rí, ó ṣeni láàánú.)

Ní 1954 Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn ní Aró, Abẹ́òkúta. Àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká ni ó ń gba aláìsàn sílé. Ìbátan rẹ̀ a bá a wá, a máa se oúnjẹ fún un. Aláìsàn a gba ìtọ́jú tán, a sì bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Lójú tiwa, oko kọ́ ni ó ń fa àìsàn, bí kò ṣe gbèsè àti ìdánìkanwà.

Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ń tòògbé ní kíláàsì nítorí pé baba rẹ̀ ń rìn kiri ilé lóru, ẹ má mú pàṣán. Ẹ lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Yábàá.