Kí Ló Dé Tí Ẹ̀rọ Ìlọta Fi Ń Rú Èéfín Dúdú?

Ẹni tí wọ́n bá ti rán lọ lọ ata rí ní Sàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ á ti rí ẹ̀rọ tó ń tu èéfín dúdú, tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Ti ìyá tó ń lọ ata ládùúgbò wa ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní dísù tí àwọn ń lò fún ọjọ́ méjì kì í pé ọjọ́ kan mọ́. Mo bá jókòó ti mẹkáníìkì tó wá tún un ṣe.

Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná gan-an, nọ́sù á wá fín epo sínú ooru yẹn, iná á sì ràn. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ló ronú ẹ̀. Èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní 1897. (Àṣé orúkọ èèyàn la ń pe epo!) Epo gbọ́dọ̀ jáde bí ìrì. Bí èédú bá dí ihò nọ́sù, tàbí tí omi àti ìdọ̀tí ti ba abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ jẹ́, epo á máa kán tó-tó-tó, kò ní jóná tán. Òun ló ń di èéfín dúdú. Owó ló ń fò lọ yẹn.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ó tutù, wọ́n nu ara rẹ̀ kí iyanrìn má bàa wọlé, kí wọ́n tó tú páìpù. Wọ́n rẹ nọ́sù sínú dísù tó mọ́, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onídẹ fọ ẹnu rẹ̀. Mo ní ṣé wáyà tín-ínrín ò lè tètè la ihò náà ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, tó o bá fi irin ha á, ihò ti fẹ̀ nìyẹn, òmíràn lo máa rà.” Abẹ́rẹ́ inú nọ́sù àti ilé rẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í gbé ti ọ̀kan fún òmíràn.

Ibi tó bà mí lẹ́rù rèé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dán an wò, wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn. Agbára tí epo fi ń jáde ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò lọ ní ìlọ́po àádọ́ta. Ó lè gún awọ ara wọlé. Ojú ibẹ̀ á dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún lásán, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ dunni, ṣùgbọ́n epo ti ń ba ẹran jẹ́ nínú. Ìka lè bá a lọ. Ẹ má fi òróró pa á o! OOUTH wà ní Sàgámù níbí, kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé epo ló wọlé.

Wọ́n pààrọ̀ fílítà. Ní báyìí, láràárọ̀ ni ìyá wa ń tú omi ìsàlẹ̀ táǹkì dànù kí wọ́n tó yí ẹ̀rọ. Èéfín ti dínkù, ata wa náà ò sì rùn dísù mọ́.