Àsìkò Ọyẹ́ àti Ẹ̀bùn Ọwọ́ Wa

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 35:1-3, 20-29, Máàkù 6:30-32
Ẹsẹ àkọ́sórí: Máàkù 6:31

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÍDE

Àwa tí a ń gbé ní Ìjerò, Àràmọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti agbègbè wọn mọ bí ọyẹ́ ti ń rí, pàápàá lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ètè a máa là, eruku a sì bo orí òkè. Iṣẹ́ oko a dẹwọ́ díẹ̀: a ti wa iṣu, a ti ká èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó, òjò kò sì tíì dé. Ọlọ́run fi àsìkò yìí sínú ọdún kí ilẹ̀ lè sinmi. Ìbéèrè ẹ̀kọ́ wa ni pé, àwa obìnrin ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, ìgbà náà gan-an ni a kì í jókòó. Òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí, ìdúpẹ́ lónìí, òde lọ́la. Kí òjò tó rọ̀, owó ti tán, ara ti rẹ̀ wá, ọwọ́ wa kò sì ṣe ohun kan tí a lè fi han ọmọ wa.

1. BÍ ÀWỌN ÌYÁ WA TI LO Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òwú máa ń là lóko. Àwọn ìyá wa a yọ kóró rẹ̀, wọn a ran án, wọn a rẹ ẹ́ sínú aró, wọn a sì fi hun kíjìpá lórí òfì tí ó dúró ti ògiri ilé. Kíjìpá kì í tètè gbó. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko, wọ́n sì ń fi pọn ọmọ. Wọn kì í hun ún tán lọ́jọ́ kan. Bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, wọn a hun díẹ̀. Bí ọmọ bá sùn, wọn a tún hun díẹ̀. Síbẹ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan àwọ̀ àti ìlà tí ó wù ú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a mọ àwọn obìnrin Ògòtún mọ́ ẹní híhun, tí a sì mọ àwọn obìnrin Ìsàn mọ́ ìkòkò mímọ. Amọ̀kòkò mọ̀ pé ìkòkò tí a bá fi ìkánjú gbẹ yóò là. Ó gbọ́dọ̀ rọra gbẹ kí ó tó fojú kan iná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

2. OHUN TÍ BÍBÉLÌ KỌ́ WA

Nínú Ẹ́kísódù orí 35, àwọn obìnrin tí Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n fi ọwọ́ wọn ran òwú fún àgọ́ Olúwa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn di ẹbọ ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí orí náà ti bẹ̀rẹ̀: kí Mósè tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá, òfin ìsinmi ni ó kọ́kọ́ sọ. Ìsinmi ni ó ṣáájú, iṣẹ́ ọnà tẹ̀ lé e.

Nínú Máàkù 6, àwọn àpọ́sítélì ṣiṣẹ́ débi pé wọn kò rí àyè jẹun. Jésù kò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn. Ó pè wọ́n lọ sí ibi ìdákẹ́jẹ́ kí wọ́n lè sinmi.

3. ÀPẸẸRẸ MÉJÌ

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí Olówè agbẹ́gilére sí, kí ó tó lọ máa gbé ní Ìsẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ dé ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Olówè kú ní 1938, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ta ni ó kọ orúkọ àwọn ìyá wa tí wọ́n hun kíjìpá? Ọwọ́ ọmọ wọn nìkan ni ó lè rántí wọn. Bí ìyá kan bá kú láìkọ́ ọmọ, òfì rẹ̀ a di igi ìdáná.

Èkejì ni Susanna Wesley, ìyá John àti Charles. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó bí, mẹ́wàá ni ó sì dàgbà. Gbèsè gbé ọkọ rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n ní 1705. Síbẹ̀ ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé nínú ilé, ó sì ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú ilé bẹ́ẹ̀ ni Charles ti jáde, ẹni tí ó kọ orin tí ó lé ní 6,000.

4. ÀTAKÒ TÍ A LÈ GBỌ́

Ẹlòmíràn yóò ní ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ níṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rọra ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹlòmíràn yóò ní owó ilé-ìwé ń bọ̀ ní oṣù Kìíní, ta ni yóò bá òun dé ọjà? A kò ní kí ẹnikẹ́ni ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

5. OHUN TÍ A LÈ ṢE

(a) Kí olúkúlùkù yan iṣẹ́ kan ṣoṣo: ẹní, agbọ̀n, aṣọ híhun tàbí rírán, orin tuntun fún ẹgbẹ́, tàbí oríkì ìdílé tí a kọ sínú ìwé kí ó má bàa sọnù.
(b) Kí ẹgbẹ́ pe ìyá àgbà kan tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí a sì mú ọmọbìnrin wa dání.
(d) Kí a yọ òde kan kúrò nínú àwọn tí a fẹ́ lọ. Owó aṣọ ẹbí kan lè ra òwú púpọ̀.
(e) Kí a má kọ́kọ́ ro iye tí a ó tà á. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọrẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Iṣẹ́ ọwọ́ wo ni ìyá yín mọ̀ tí ẹ̀yin kò mọ̀?
2. Kí ni ó ń gba àkókò ọyẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́?
3. Ta ni a ó kọ́ kí òjò tó rọ̀?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí ó fún ilẹ̀ ní ìsinmi, fún àwa náà ní ìsinmi. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀bùn tí o fi sí wa lọ́wọ́ bá wa wọ inú ilẹ̀ lọ. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.