Yíyan Ìwọ̀ àti Ìjẹ fún Ẹni tí ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ ń Kọ́ Ẹja Pípa

Ọ̀sà Àgbádárìgì kì í ṣe òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó là wọ́n láàárín. Láti ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ni omi náà ti nà wá; ó gba iwájú ìlú Àgbádárìgì kọjá, ó sì lọ pàdé ọ̀sà Èkó ní ìhà ìlà-oòrùn. Odò Yewa ń da omi sínú rẹ̀. Ní ìgbà òjò, omi odò a borí, iyọ̀ ọ̀sà a sì dín kù púpọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi oníyọ̀ a tún rọra wọ inú rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Àwórì tí ó tẹ̀dó sí etí omi yìí ti mọ ìyàtọ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọ̀n, ìgèrè àti ìwọ̀ wà lára irinṣẹ́ wọn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀ ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ni ó sì yẹ kí ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó ń lọ ra ìwọ̀ níláti bi ara rẹ̀ ni èyí: irú ẹja wo ni ó ń wá? Ẹnu epìyà kéré, ohun rírọ̀ ni ó sì ń jẹ. Ẹnu àrọ̀ gbòòrò; ó ní irùngbọ̀n gígùn tí ó fi ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀, òru ni ó sì máa ń jẹun jù. Ọ̀bọ̀kún ní tirẹ̀ kì í fi ìsàlẹ̀ omi sílẹ̀, níbi tí ó ti ń ṣa kòkòrò àti ìṣáwùrú jẹ. Ẹni tí kò bá mọ ẹnu ẹja, kò lè mọ ìwọ̀ tí yóò rà.

Nọ́ńbà ni a fi ń mọ ìwọ̀n ìwọ̀ ní ọjà, nọ́ńbà náà sì máa ń tan àwọn ọ̀gbẹ̀rì jẹ. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i: ìwọ̀ nọ́ńbà 10 kéré ju ti nọ́ńbà 4 lọ. Ìwọ̀ nọ́ńbà 10 tàbí 8 tó fún epìyà. Nọ́ńbà 4 tàbí 2 ni ó yẹ àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún tí ó dàgbà. Àwọn ọmọdé a máa ra èyí tí ó tóbi jù, wọ́n rò pé ẹja ńlá ni yóò mú wá. Ṣùgbọ́n epìyà yóò jẹ ìjẹ rẹ̀ tán létí létí, kò ní gbé ìwọ̀ mì.

Ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ náni lówó. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbẹ, tí ó sì ń tẹ̀ láìkán, dára púpọ̀. Kí okùn náílọ́ọ̀nù tí a ó so mọ́ ọn má ṣe nípọn jù, nítorí pé ẹja a máa rí okùn tí ó nípọn nínú omi tí ó mọ́. Igi fúyẹ́ kan ni a ń so sí òkè okùn kí ó máa léfòó. Bí ó bá rì lójijì, ẹja ti dé nìyẹn. Ohun wúwo ni a ń so sí ìsàlẹ̀ kí ìjẹ lè rì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń lo òjé, wọ́n a sì máa fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́ okùn. Ìwà ewu ni èyí, nítorí májèlé ni òjé. Ní ọdún 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọdé púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Nọ́ọ̀tì irin kékeré kan yóò ṣe iṣẹ́ kan náà láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ní ti ìjẹ, ekòló ni olórí gbogbo wọn, nítorí pé kò sí ẹja nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí tí ó ń kọ̀ ọ́. Ibi tútù lẹ́yìn balùwẹ̀ tàbí lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ti ń wú u. Ẹ̀bà tí a pò le dáadáa, tí a ṣù róbótó bí ẹ̀wà, a máa fa epìyà mọ́ra. Edé tútù tàbí ìfun adìyẹ, tí òórùn rẹ̀ ń rìn jìnnà nínú omi, ni ti àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún. Kí ìjẹ bo ẹnu ìwọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀ jù.

Ọ̀wọ̀ tún wà nínú iṣẹ́ yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ẹ̀ka igi tí a rì mọ́lẹ̀ yíká nínú ọ̀sà, àkájà ni. Ẹnìkan ni ó ṣe é kí ẹja lè sá sí ibẹ̀ kí wọ́n sì bí sí i. Ẹni tí ó bá ju ìwọ̀ sí inú àkájà olóhun, olè ni. Irú epìyà kan sì wà ní ọ̀sà wa tí ó jẹ́ pé akọ ni ó ń kó ẹyin àti ọmọ sí ẹnu. Bí a bá fa irú rẹ̀ jáde tí ó ń tu ọmọ dànù, kí a tètè dá a padà sínú omi, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹja tí kò tíì dàgbà. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó jáde ní ọdún 1992 lórí ẹja pípa nínú odò àti ọ̀sà ka májèlé àti ohun abúgbàù léèwọ̀, nítorí pé àtọmọ àtìyá ni wọ́n ń pa.

Ní ìkẹyìn, kí ọmọdé má ṣe dá lọ sí etí omi. Láti ọdún 1984 ni koríko olódòdó àlùkò tí ń léfòó ti wọ ọ̀sà yìí; ó lè dà bí ilẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n omi jíjìn wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún mẹ́ta, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjèèjì. Kí a fi aṣọ dì í mú kí a tó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè
1. Èéṣe tí ìwọ̀ ńlá kò fi yẹ epìyà?
2. Kí ni ewu tí ó wà nínú fífi eyín tẹ òjé?
3. Ṣe àlàyé ohun tí a ń pè ní àkájà àti ìdí tí a fi níláti bọ̀wọ̀ fún un.
4. Kọ àròkọ kúkúrú lórí iṣẹ́ kan tí àwọn ará ìlú rẹ ń ṣe lójú omi tàbí nínú oko.