Kí Katakata Tó Wọ Ilẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Ìṣẹ́yìn, inú mi dùn sí ilé iṣẹ́ gaàrí tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀. Ẹ ní kí n to gbogbo ohun tí ẹ ó gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò fún yín, kí ìwé EIA yín, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ yóò ṣe sí àyíká, lè nípọn, kí ìjọba má baà dá a padà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá yín wí díẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé nínípọn ni dídára? Mo ti ka èyí tí wọ́n fi odindi orí kan ka orúkọ ẹyẹ, tí kò sí gbólóhùn kan nípa odò tí ará abúlé ń mu.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Ọ̀yán. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rómi mu, kí àgbẹ̀ sì rómi bu sóko. Odò tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ wá di adágún. Ìgbín omi kéékèèké lẹ̀ mọ́ koríko etí rẹ̀, àtọ̀sí ajá sì gbilẹ̀ láàrin àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Ara ìgbín yẹn ni kòkòrò àrùn náà ti ń jáde bọ́ sómi, á wá gba awọ wọ ara ẹni tó ń wẹ̀, tó ń fọṣọ tàbí tó ń pẹja. Ọmọ á tọ̀, ìparí ìtọ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní, torí ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa kò gba ẹ̀rọ kankan: bí omi yìí bá dúró, ta ni yóò máa tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́? Ìgbà tí àwòrán ìsédò ṣì wà lórí tábìlì ló yẹ ká béèrè. Òfin EIA ọdún 1992, tó dé lẹ́yìn tí Ọ̀yán ti kún, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a ti ro ọ̀rọ̀ àyíká, kí a tó dáwọ́ lé iṣẹ́.

Tiyín ńkọ́? Omi gbágùúdá ni. Májèlé wà nínú èyí tó ń ro láti inú àpò tí ẹ bá fún. Bó bá wọ odò kékeré tó wà nítòsí yín, ẹja á kú. Ẹ lọ síbi odò yẹn láàárọ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò ju kókósẹ̀ lọ. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń pọnmi: bí èyí bá bàjẹ́, ibo lẹ ó ti pọn? Èsì wọn ni kí ẹ kọ síwájú ìwé yín, kí ẹ tó pe ilé àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní odò yẹn nìkan làwọn ní, ẹ gbé ibi tí ẹ ó ti máa fún gbágùúdá jìnnà sí etí omi, nísinsìnyí tó jẹ́ pé èèkàn nìkan lẹ ṣì rì mọ́lẹ̀.