Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ ÌLÚ TI Ń DI IGBÓ

Ẹ kà: Àwọn Onídàájọ́ 21:25



Ní ọdún 1954, William Golding, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣiṣẹ́ ogun lójú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tẹ ìwé ìtàn kan jáde tí a ń pè ní Lord of the Flies. Orúkọ náà kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ń ka Bíbélì: olúwa àwọn eṣinṣin ni ìtumọ̀ Baalsebubu, òrìṣà Ekroni.

Nínú ìtàn náà, ọkọ̀ òfúrufú já sí erékùṣù kan, àwọn ọmọkùnrin nìkan ni ó sì yè. Wọ́n fi Ralph ṣe olórí. Wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ó bá mú ìkarahun òkun kan lọ́wọ́ ni yóò sọ̀rọ̀, kí àwọn ìyókù sì gbọ́. Wọ́n dá iná sórí òkè kí ọkọ̀ tí ń kọjá lè rí i. Ta ni ó kọ́ pa iná náà tì? Àwọn akọrin ni, àwọn tí ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lọ́rùn. Jack olórí wọn fẹ́ràn ọdẹ ju iná lọ. Wọ́n kun ojú, wọ́n pa Simon níbi ijó, wọ́n yí òkúta lu Piggy, ó kú, ìkarahun sì fọ́ túútúú.

Kí a má ṣe rò pé ọmọ òyìnbó nìkan ni irú èyí bá. Ní ìhà gúúsù Ìwó wa ni Àpòmù wà. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, kọ ọ́ pé níbẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ná ọjà, òfin Aláàfin sì ni pé a kò gbọdọ̀ ta ọmọ Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Aólẹ̀, kí ó tó jọba, ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ ní ọjà náà. Baálẹ̀ Àpòmù mú un, ó sì nà án. Nígbà tí Aólẹ̀ gorí ìtẹ́, kí ó tó di ọdún 1800, ó wá ẹ̀san. Baálẹ̀ sá lọ sí Ifẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó pa òfin mọ́ ṣe ṣègbé nítorí ọba tí ó yẹ kí ó gbè é lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, gbígbé ènìyàn tà gbilẹ̀. A rán sí Olówu kí ó dá a dúró. Ó sì pa àwọn ìlú Ifẹ̀ run. Nígbà tí Ifẹ̀ gbógun lọ bá Òwu, a ṣẹ́gun wọn, ìyókù wọn sì sá àsálà wá sí ilẹ̀ Ìwó. Níkẹyìn, ìjà lórí ataare ní ọjà Àpòmù mú Ìjẹ̀bú dìde pẹ̀lú. Wọ́n dó ti Òwu títí ìyàn fi mú, ìlú náà sì parun ní àwọn ọdún 1820. Ní ọdún 1821, a kó Àjàyí ní Òṣogùn, a sì fi í pààrọ̀ ẹṣin. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní ọdún 1864. Àwọn ará Ọ̀yọ́, tí ń sọ èdè rẹ̀, wà lára àwọn tí ó mú un.

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa ní ọba, wọ́n ní ọjà, wọ́n sì ní òfin. Àwọn ọmọ erékùṣù ní ẹ̀kọ́ àti orin. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí a bá yọ ẹnì kan kúrò lábẹ́ òfin nítorí ipò rẹ̀, tàbí tí a bá pariwo bo ọ̀rọ̀ aláìní mọ́lẹ̀ nínú ìpàdé ìjọ, ọjọ́ náà ni ìkarahun ti là. Olùkọ́ tí ń na ọmọ tálákà, tí ó sì ń dá ọmọ olówó sí, ń kọ́ gbogbo kíláàsì ní ìwà igbó.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
1. Èéṣe tí àwọn akọrin fi kọ́kọ́ pa iná tì?
2. Bí ìwọ bá jẹ́ Baálẹ̀ Àpòmù, ìwọ ì bá na ọmọ ọba bí?