Ẹnu Ìbọn Kò Mọ Eré

Ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká dojú ìbọn kọ òun? A lè fi òwe yìí bá ẹni tó ń halẹ̀ wí, ṣùgbọ́n òfin ìbọn gan-an ló wà nínú rẹ̀. Òwe náà kò béèrè bóyá ìbọn lè dún. Ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ló ká a lára. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kí ọdẹ mọ̀, nítorí bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan apátí, ilẹ̀ tàbí igi ni ọta yóò bá.

“Kò sí nǹkan nínú ẹ̀” ni gbólóhùn tó ń pa ènìyàn jù. Ẹ wo ṣakabùlà. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: ẹ̀tù á wọlé, wọ́n á dí i, ọta á tẹ̀ lé e, wọ́n á tún dí i. Lẹ́yìn èyí, kò sí ojú tó lè rí inú irin náà mọ́. Èyí tó kún àti èyí tó ṣófo jọ ara wọn lára ògiri. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì í nìkan ló lè jẹ́rìí. Tì í bọ inú ìbọn nígbà tó dá ọ lójú pé ó ṣófo, kí o fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tó mọ. Lọ́jọ́ mìíràn, bí àmì náà bá yọ síta, nǹkan wà nínú rẹ̀. Má ṣe gbé ojú lé e wò. Bí ìbọn bá sì kọ̀ tí kò dún, iná lè ṣì máa jó nínú ẹ̀tù tó tutù: jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò séwu fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Àwọn tó ń yìnbọn níbi òkú ọdẹ yóò ní ẹ̀tù lásán làwọn kì. Ohun tí wọ́n fi dí ẹ̀tù náà ń fò jáde pẹ̀lú iná, ó sì lè pa ẹni tó bá sún mọ́ ọn.

Lóru, ojú ajá àti ti ewúrẹ́ ń tàn bíi ti ẹtu, iná orí ọdẹ mìíràn náà ń tàn. Ẹni tí kò rí ara ẹran, kó má yìn. Abájọ tí òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 fi ní kí wọ́n má fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé àṣẹ.

Àwọn kan yóò ní ayẹta wà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí òògùn, ṣùgbọ́n léraléra ni ìwé ìròyìn ń gbé e jáde pé ẹni tí wọ́n fi dán an wò ti kú. Àwọn mìíràn ní olè lè dé lóru, kí ìbọn wà ní kíkì lórí àjà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Olè lè má dé títí ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ń bẹ nílé lójoojúmọ́. Kí ìbọn wà ní ṣíṣófo nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀tù jìnnà sí ààrò.

Ẹ̀yin olóyè ọdẹ, ẹni tó bá dojú ìbọn kọ ènìyàn ṣeré, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ ọmọ yín.